Ìjọsìn Tí Ó Yé Ni

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15:1–29, 1 Kọ́ríńtì 14:6–19, Orin Dáfídì 137

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún ẹ̀kọ́ ni èyí tí ó máa ń mú kí ohùn ròkè nínú ìpàdé àwọn olórí ìjọ: irú ìsìn wo ni kí a máa ṣe nínú ilé Ọlọ́run? Àwọn kan ní Ìwé Orin àti dùùrù ni àwọn bá lọ́wọ́ àwọn bàbá àwọn, òun náà ni àwọn yóò fi sílẹ̀ fún ọmọ. Àwọn kan ní kí a gbé dùùrù tì, kí a jẹ́ kí ìlù dún. Àwọn ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó yé àwọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kí a kúkú máa ṣe bí àwọn ìjọ ìgbàlódé ti ń ṣe, kí àwọn ọ̀dọ́ má baà sá lọ tán.

Kí a tó dá sí ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a wo inú ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìyá àgbà kan jókòó ní ìsìn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ọmọ rẹ̀ tí ó ní mọ́tò kò lè wá lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan. Aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, gèlè rẹ̀ dúró dáadáa, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kọ orin àkọ́kọ́ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, Àmín nìkan ni ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìsìn Yorùbá ni wọ́n lọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ń fi ìka yí ojú fóònù, nítorí ohun tí oníwàásù ń sọ kò wọ̀ ọ́ létí. Ìdílé kan ni wọ́n, inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde wá, síbẹ̀ wọn kò rí ìsìn kan tí àwọn méjèèjì lè jọ ṣe. Ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ó ju ọ̀rọ̀ ìlù àti dùùrù lọ.

Ìpàdé Jerúsálẹ́mù

Ìjọ àkọ́kọ́ gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ irú ẹjọ́ yìí. Ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ láti Jùdíà lọ bá àwọn onígbàgbọ́ tí wọn kì í ṣe Júù ní Áńtíókù, wọ́n ní bí wọn kò bá kọlà gẹ́gẹ́ bí àṣà Mósè, kò sí ìgbàlà fún wọn. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ènìyàn burúkú ni àwọn wọ̀nyí. Ohun tí wọ́n bá nínú ilé baba wọn ni, wọn kò sì mọ ibi tí ilé baba wọn parí sí àti ibi tí Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà kò gbà, ọ̀rọ̀ náà di ti ìpàdé ní Jerúsálẹ́mù. Lẹ́yìn tí Pétérù ti sọ ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí, Jákọ́bù dá a lábàá pé kí a má ṣe yọ àwọn Kèfèrí tí ó yí padà sí Ọlọ́run lẹ́nu. A kò ní kí wọ́n di Júù. Ṣùgbọ́n a kò ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ wọlé bẹ́ẹ̀ náà: wọn gbọ́dọ̀ jìnnà sí ohun tí a fi bọ òrìṣà, sí àgbèrè, sí ẹran tí a lọ́ lọ́rùn pa àti sí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ìpàdé náà rìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìjọ tí ó bá rìn ní ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó gbàgbé èkejì, wàhálà rẹ̀ kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ní 1 Kọ́ríńtì 14, ọ̀rọ̀ ahọ́n àjèjì ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ó fi fèrè àti háàpù ṣe àpẹẹrẹ, pé bí ìró wọn kò bá yàtọ̀ síra, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí a ń fun tàbí ohun tí a ń ta. Ní ẹsẹ 16 ó wá béèrè nípa ẹni tí kò gbọ́ ohun tí à ń sọ: báwo ni onítọ̀hún yóò ṣe ṣe Àmín sí ìdúpẹ́ wa? Ẹ rántí ìyá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣe Àmín dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí òun ń ṣe Àmín sí. Àwa gbà pé òṣùwọ̀n tí Pọ́ọ̀lù fi wọn ìsìn nìyí, òun ni a ó sì mú dání nínú ẹ̀kọ́ yìí: ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ǹjẹ́ ó lè ṣe Àmín tí ó ti inú ọkàn rẹ̀ wá?

Láti ilé ìdáná ní Epworth

Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé bí a bá yí ohunkóhun padà nínú ìsìn, a ti fi Wesley sílẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ka ìtàn ìjọ wa, ẹnu yóò yà wọ́n. Ilé ìdáná obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà òtútù 1711 sí 1712, Samuel Wesley, àlùfáà ìlú Epworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí ìpàdé ìjọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, Susanna aya rẹ̀ a kó àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ jọ sí ilé ìdáná, a ka ìwàásù sí wọn létí, a sì gbàdúrà. Aládùúgbò kan gbọ́, ó wá. Òmíràn gbọ́, òun náà wá, títí wọ́n fi tó igba ènìyàn. Igbákejì àlùfáà bá kọ̀wé fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọkọ rẹ̀, ọkọ sì kọ̀wé sí ilé pé ọ̀rọ̀ náà kò dára lójú òun. Èsì tí Susanna fi ránṣẹ́ ni pé bí ọkọ òun bá fẹ́ kí òun dá a dúró, kí ó má wulẹ̀ gba òun nímọ̀ràn, kí ó pàṣẹ ní kedere, kí ọrùn òun lè mọ́ ní ọjọ́ ìdájọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ tún èsì yẹn kà. John ọmọ rẹ̀ kò tí ì pé ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà.

Nígbà tí John náà dàgbà, ó ṣe irú rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn ètò ni, orúkọ Elétò tí à ń jẹ́ kò ṣẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ti ka ìwàásù ìta gbangba sí ohun ìtìjú. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1739, ó dúró ní ìta ní ẹ̀bá Bristol, ó wàásù fún àwọn tí kò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tí ṣọ́ọ̀ṣì kò fẹ́ rí. Àwọn awakùsà èédú ní Kingswood wà lára àwọn tí ó gbàgbọ́. Kí wọ́n tó gbàgbọ́, ilé ọtí ni wọ́n ń lo òru Sátidé sí. Lẹ́yìn tí wọ́n gbàgbọ́, wọn kò fi òru náà sùn. Wọ́n ń fi í gbàdúrà, wọ́n sì ń fi í kọrin ìyìn. Àwọn kan gba Wesley níyànjú pé kí ó dá wọn lẹ́kun. Ó ro ọ̀rọ̀ náà wò, kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun dá wọn lẹ́kun, òun fúnra rẹ̀ sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Bí ìsìn àìsùn ṣe wọ inú ìjọ wa nìyẹn. Nígbà tí a bá kúnlẹ̀ ní òru 31 oṣù kejìlá, kí a rántí pé wákàtí ilé ọtí ni wọ́n gbà padà fún Ọlọ́run.

Nígbà tí Amẹ́ríkà ti gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Wesley mú Ìwé Àdúrà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gé e kúrú, ó yọ ọ̀pọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún kúrò nínú rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ibẹ̀ ní 1784. Lára ohun tí ó mú un gé e ni pé àwọn ènìyàn ti ń ráhùn pé ìsìn gùn jù. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo ojú àlùfáà wa.)

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ tiwa

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n gbé ní Sàró tí wọ́n sì ń padà bọ̀ wálé, ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rán oníwàásù tẹ̀lé àwọn. Thomas Birch Freeman, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 1842. William de Graft, ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, wà pẹ̀lú rẹ̀. Freeman kò gbọ́ Yorùbá. Ògbufọ̀ ni ó ń bá a túmọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1844, Samuel Àjàyí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ènìyàn wa ní Freetown. Bíbélì Yorùbá lódidi kò sì jáde títí di 1884. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu.

Níbo ni wọ́n ti rí àwọn ọ̀rọ̀ náà? Ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́ta tí kò sí ìsìn wa kan láìsí wọn: àdúrà, ìwàásù, àlùfáà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni èdè wa ti gbà wọ́n. Wọ́n ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn kí àwọn oníwàásù tó dé, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sì mú wọn lò nítorí pé wọ́n yé ará ọjà àti ará oko. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ pé kí a gbàdúrà lónìí kí ọkàn rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ọ̀rọ̀ náà ti di tiwa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ìsìn tí kò ní ohun àyálò kankan nínú, kò ní rí i, ì báà ṣe ní Wesley, ì báà ṣe ní ìlú wa.

Orin tí ohùn rẹ̀ ń sọ nǹkan mìíràn

Ìwàásù di Yorùbá, Bíbélì di Yorùbá. Orin ni kò tètè dì í. Àwọn tó túmọ̀ orin ṣe iṣẹ́ ńlá, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré wọn. Ṣùgbọ́n ohùn òyìnbó ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Bí òyìnbó bá gbé ohùn sókè tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Tiwa ń yí padà. Ọ̀run ni ibi tí à ń lọ. Bí orin bá gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sókè tí ó sì rẹ ìparí rẹ̀ sílẹ̀, ọrùn ni a kọ, ibi tí à ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Bàbá wa, bí orin bá gbé e sókè ní ìparí, ó di Bàbá wá, bí ẹni pé a ń ròyìn àlejò. Ẹ̀jẹ̀ Olúwa lè di ẹ̀jẹ́. Ó kú fún wa lè di ó kù fún wa, bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹ́ kù nínú ìkòkò. Àwa tí a ti mọ orin wọ̀nyí láti kékeré kò gbọ́ ọ mọ́, nítorí ọkàn wa ti ń tún un ṣe kí etí wa tó gbọ́. Ẹ bi ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yẹn.

Àwọn àgbà kan rí èyí ṣáájú wa. J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà Áńgílíkà ní Abẹ́òkúta, fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìsìn, ó sì kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, kọ ìwé lórí orin Yorùbá, èyí tí ó jáde ní 1953, tí ó fi hàn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé bí ọ̀rọ̀ ti ń ròkè tí ó sì ń rẹlẹ̀ lẹ́nu. Ẹ rí i pé ẹni tí ó jókòó nídìí dùùrù gan-an ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Tiwa ni A. T. Ọlájídé Olúdé, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, tí ó kọ orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu tí ìlù sì lè bá lọ. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó kọ ní 1949, tí ó dá lórí pípàdé Jésù ní ọjọ́ mímọ́ rẹ̀, wà nínú ìwé orin ìjọ United Methodist ti Amẹ́ríkà tí ó jáde ní 1989. Nọ́ńbà 661 ni. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì tí wọn kò dé Èkó rí lè ṣí i, kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, kí wọ́n sì fi ìlù sí i, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ṣì ń ṣe ìpàdé lórí bóyá ìlù yẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. E. Bọ́lájí Ìdòwú, tí ó ṣe olórí ìjọ wa láti 1972 títí di 1984, ti sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1965 pé ó yẹ kí ìjọ ilẹ̀ wa ní ìsìn àti orin tí ó jẹ́ tirẹ̀, kí àwọn ènìyàn má baà máa fojú àlejò wo Ọlọ́run tí à ń wàásù rẹ̀.

Ní ti ìlù, àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ sá fún un, wọn kò sì sá láìnídìí. Bàtá jẹ́ ti Ṣàngó àti egúngún, ìgbìn jẹ́ ti Ọbàtálá, ìpèsè jẹ́ ti Ifá. Ẹni tí ó jó bàtá níwájú Ṣàngó ní èṣí kò lè gbọ́ bàtá ní ọdún yìí kí ara rẹ̀ má rántí. A kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n dùndún kì í ṣe ti òrìṣà kan. Ìlù ìgbéyàwó ni, ìlù ìkómọ ni, ìlù ààfin ni, ó sì ń sọ̀rọ̀. Dùndún lè sọ pé Bàbá wa, kí ọmọdé mọ̀ pé kò sọ pé Bàbá wá. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan ń bẹ̀rù nítorí obìnrin, kí ó ka Ẹ́kísódù 15:20, kí ó rí ohun tí Míríámù mú lọ́wọ́ àti àwọn tí ó tẹ̀lé e.

Síbẹ̀ a ní ohun kan láti sọ fún àwọn olùfẹ́ ìlù. Ìlù tí ó bo ohùn ìjọ mọ́lẹ̀ kò sàn ju dùùrù tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. A ti jókòó níbi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń ké ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kò sì gbọ́ ohùn ẹni tí ó dúró tì wá. Ìsìn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ nìkan ni ó ń pa ìyá àgbà lẹ́nu mọ́.

Ọ̀nà kan wà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ti ń gbà yanjú ọ̀rọ̀ yìí láìpe ìpàdé, òun ni lílé àti ègbè. Ẹnìkan lé e, gbogbo wa gbè é. Ọ̀pọ̀ nínú orin tí à ń kọ ní ìpàdé wa kò sí nínú ìwé kankan. Láti ẹnu ìyá kan ni ó ti bọ́ sí ẹnu ìyá mìíràn. Ìyá tí kò mọ̀wé a mọ ègbè náà kí ó tó dé ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ sì bá ọ̀rọ̀ mu nítorí pé ẹnu Yorùbá ni ó ti jáde. Kí a má ṣe ka àwọn orin yìí sí ohun ìṣeré tí à ń fi dúró de ìsìn gidi.

Ohun tí a gbà àti ohun tí a kò gbọdọ̀ gbà

Ìsọmọlórúkọ ni a fi lè rí ọ̀nà méjì Jerúsálẹ́mù kedere. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lónìí ọjọ́ kẹjọ ni fún gbogbo wọn. Omi, iyọ̀ àti oyin dúró, àlùfáà sì ń fi ẹsẹ Bíbélì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Obì àti orógbó, àwọn ìdílé kan mú un, àwọn kan fi í sílẹ̀, a kò sì rò pé ó yẹ kí ìjọ jà sí i. Àkọsẹ̀jayé ni a fi sílẹ̀ pátápátá: a kì í gbé ọmọ lọ sí iwájú Ifá mọ́ láti béèrè irú ẹni tí yóò jẹ́. Ẹni tí à ń ké pè lórí ọmọ náà ni ó yí padà. Oyin ṣì dùn bí ó ti ń dùn.

Ti opó ni kò tíì tán. Ọ̀pọ̀ ìlú ṣì wà tí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú yóò jókòó lórí ẹní fún ogójì ọjọ́ nínú aṣọ dúdú, tí a ó tú irun rẹ̀ tàbí kí a gé e, tí kò gbọdọ̀ lọ sí ọjà, tí àwọn ará ilé ọkọ yóò sì máa ṣọ́ ọ bóyá ó ń sunkún tó. A kò rí ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú tí wọ́n ṣe irú èyí fún. Bí a bá wí, wọ́n á ní àṣà ni, wọ́n á ní ṣé ìjọ náà ló ní kí á máa gbé àṣà lárugẹ. Rárá o. Ohun tí ó ń di ẹrù wúwo lé ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn tẹ́lẹ̀ ni Jákọ́bù ní kí a má ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí sì wà lọ́wọ́ wa ju bí ó ti wà lọ́wọ́ àlùfáà lọ, nítorí pé obìnrin ni ó ń ṣe é fún obìnrin: àna, ìyàwó ilé, nígbà mìíràn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá lè wọ ilé opó ní ọjọ́ kẹta, kí wọ́n bá a sè, kí wọ́n bá a di irun rẹ̀, kí wọ́n kọrin tí ó mọ̀ fún un, tí wọ́n sì mú un lọ sí ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ó ti ṣe ìsìn tí kò sí nínú ìwé.

Àwọn ọmọ wa àti èdè

A padà sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nínú Orin Dáfídì 137, àwọn ìgbèkùn béèrè bí àwọn yóò ṣe kọ orin Olúwa ní ilẹ̀ àjèjì. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí sí Amẹ́ríkà ń béèrè é ní ọ̀nà mìíràn: ilẹ̀ tí wọ́n wà kò jẹ́ àjèjì sí wọn, orin náà ni ó jẹ́ àjèjì. Àwọn tí a bí sí Èkó àti Ìbàdàn náà ti ń dà bẹ́ẹ̀, nítorí ilé ìwé tí a fi owó gọbọi rán wọn lọ kò fẹ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn, nílé náà Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń bá wọn wí. A kò lè kọ̀ láti kọ́ ọmọ ní èdè kan, kí a tún máa bínú pé kò bá wa kọrin nínú rẹ̀.

Ìsìn méjì ni ọ̀pọ̀ ìjọ fi yanjú rẹ̀: Yorùbá láàárọ̀ kùtù, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣe àǹfààní, a kò ní kí a pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni, ọmọ kò ní gbọ́ àdúrà ìyá rẹ̀ àgbà láé. Ìjọ tí ó bá ṣe ìsìn àpapọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a ka Bíbélì kan ní Yorùbá kí ọ̀dọ́ kan ka òmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ìyá àgbà kan gbàdúrà, kí ọmọdé kan sì lé orin tí ó kọ́ lẹ́nu rẹ̀, yóò gba àkókò díẹ̀ sí i. Wesley gé ìsìn kúrú. A lè gé ìkéde.

Ní ti fóònù, 2020 ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ìsìn gba orí fóònù lọ, ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó wà lókè òkun àti aláìsàn tí kò lè rìn. Kò dé ọ̀dọ̀ ìyá tí fóònù kékeré nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ẹgbẹ́ ti pín orúkọ láàárín ara wọn, tí ẹnìkan ń pe ìyá méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ó ń ka Bíbélì sí i létí tí ó sì ń dúró gbọ́ kí òun náà gbàdúrà, ilé ìdáná Epworth ni ibẹ̀. A gbọ́ pé àwọn ibòmíràn dá a dúró nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ìyá tí kò lè jáde ṣì wà nílé.

Fún ìjíròrò nínú ìpàdé

Kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ohun kan nínú ìsìn yín tí ẹ rò pé Wesley tàbí Bíbélì ni ó fi lélẹ̀, kí ẹ sì wádìí bóyá òtítọ́ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ jíròrò ohun tí à ń ṣe fún opó ní ìlú yín: ta ni ó ń ṣe é, kí sì ni ẹgbẹ́ lè ṣe kí ọjọ́ kẹta tó pé?

Fún ìpàdé kejì, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìyá àgbà kan tàbí ọmọdé kan wá. Ẹ mú orin mẹ́ta nínú Ìwé Orin. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀ lásán, láìkọ ọ́ lórin. Lẹ́yìn náà kí ẹ jọ kọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí ẹ mọ̀ ọ́n sí. Kí àwọn àlejò yín sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà létí wọn. Bí ẹnìkan nínú yín bá lè fi ohùn mìíràn sí ọ̀rọ̀ náà, tí ìyá lè lé tí ọmọ sì lè gbè, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ orúkọ orin náà sílẹ̀, kí ẹni tí ó ní fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí wa kí ìwé tí ó tẹ̀lé èyí tó jáde.